Bí A Ṣe Lè Gba Àbá Lọ́wọ́ Ará Ìlú Kékeré, Kí Àbá Náà sì Di Iṣẹ́

Bí wọ́n bá ní kí ará ìlú wá sọ ohun tó ń ni wọ́n lára àti ohun tí wọ́n fẹ́, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n wọn. Ẹ̀yìn ìpàdé ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Wọ́n sọ tẹnu wọn, ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, oníkálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́fà kọjá, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Bí wọ́n bá wá tún pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kìkì àwọn tó máa ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìpàdé ló máa yọjú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹ̀yìn ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí: ẹ ṣètò bí ẹ ṣe máa fèsì kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹni tí kò bá tíì lè fèsì, kó má tíì béèrè.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú kékeré ni mo kọ èyí fún: òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú, ọmọ ìgbìmọ̀, ẹgbẹ́ àdúgbò, tàbí àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ ìlú ń jẹ lọ́kàn. Ìlú kékeré ní àǹfààní tí ìlú ńlá kò ní, torí pé ẹni tó ń ṣe ìpinnu àti ẹni tí ìpinnu náà kàn jọ ń pàdé lójú ọ̀nà ni. Ó sì ní ìṣòro tirẹ̀. Gbogbo èèyàn mọ ara wọn, ẹlòmíì á sì gbé ọ̀rọ̀ mì kó má bàa dìjà láàárín òun àti aládùúgbò rẹ̀.

1. Ẹ mọ ibi tí agbára yín mọ

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ lọ bá àwọn tó di àpò ìlú mú. Èló ló wà fún irú iṣẹ́ báyìí lọ́dún yìí? Ilẹ̀ wo ló jẹ́ ti ìlú, èwo ló jẹ́ ti ẹlòmíì? Ọ̀nà wo ni ìjọba ìlú ń tún ṣe, èwo ló wà lọ́wọ́ ìjọba tó ga jù ú lọ? Bí ará ìlú bá ń sọ ẹdùn ọkàn wọn fún ẹni tí kò láṣẹ lórí ẹ̀, tí ẹni náà kò sì sọ fún wọn pé òun ò láṣẹ, ìbínú ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀.

Lọ́dún 1969, Sherry Arnstein, ará Amẹ́ríkà kan, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn tó ń ṣètò ìlú ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Ó ya àkàbà onípele mẹ́jọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, ńṣe ni wọ́n ń fi ará ìlú ṣe bojúbojú. Láàárín, wọ́n ń la nǹkan yé wọn, wọ́n sì ń gbọ́ tẹnu wọn, àmọ́ wọn ò ní àṣẹ kankan. Lókè, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń pinnu. Kò pọn dandan kí ètò tiyín wà lókè téńté. Ohun tó pọn dandan ni pé kí ẹ sọ ipele tí ẹ wà fún àwọn èèyàn láìfi bò.

Lọ́dún 2016, àjọ ìjọba kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn èèyàn dá orúkọ tí àwọn lè sọ ọkọ̀ òkun tuntun kan tí wọ́n máa fi ṣèwádìí. "Boaty McBoatface" ló gba ìbò jù. Wọn ò fi sọ ọkọ̀ náà. RRS Sir David Attenborough ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n wá fi orúkọ tó gba ìbò jù sọ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń rìn lábẹ́ omi. Ọwọ́ àjọ náà ni ìpinnu ìkẹyìn wà láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé ìbò ló máa parí ọ̀rọ̀. Orúkọ ọkọ̀ lásán nìyẹn o. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ wọn á máa gbà lọ síléèwé ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta sórí ìwé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ibi tí ẹ bá ti ń gba àbá:

Ohun tí a lè ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí.
Ẹni tó máa ṣe ìpinnu nìyí.
Ọjọ́ tí ẹ máa gbọ́ èsì nìyí.

Bí ẹ ò bá lè parí gbólóhùn kẹta yẹn, ẹ ò tíì ṣe tán.

2. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yín dín

"Kí lẹ fẹ́ kí á ṣe fún ìlú yìí?" Ìbéèrè yìí gbòòrò jù. Bí ẹ bá bi ọgọ́rùn-ún èèyàn, iṣẹ́, iná, ọ̀nà àti ààbò lẹ máa kó bọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó máa mú kí èèyàn rántí ibì kan pàtó tàbí ọjọ́ kan pàtó:

"Láàárín ilé yín àti ibi tí ẹ ń lọ lójoojúmọ́, ibo ló máa ń ni yín lára jù?"
"Kí lẹ máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ nílùú yìí tí ẹ ti pa tì nítorí pé ó ti nira jù?"
"Ibo ni ẹ kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ yín dá lọ?"

Mo fẹ́ràn ìkejì yẹn gan-an. Ohun tí èèyàn ti pa tì, kò ní ráhùn nípa ẹ̀ mọ́, kò sì sí ọ̀nà míì tí ẹ fi máa mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Fọ́ọ̀mù tó bá ju ojú ewé kan lọ, àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ nìkan ló máa kọ ọ́ tán. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fún èèyàn márùn-ún tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ yín pé kí wọ́n dáhùn rẹ̀ lójú yín. Ibi tí wọ́n bá ti dánu dúró tí wọ́n ní "ẹ ní kí la ṣe?", ibẹ̀ lẹ máa tún kọ.

3. Ẹ tọ àwọn èèyàn lọ níbi tí wọ́n wà

Ìpàdé ìrọ̀lẹ́ nínú gbọ̀ngàn ìlú dáa, àmọ́ ẹ wo àwọn tí kò ní lè wá: òṣìṣẹ́ alẹ́, ìyá tó ní ọmọ ọwọ́, aláàbọ̀ ara tí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn náà le fún, ayálégbé tó gbà pé ọ̀rọ̀ ìlú kò kan òun, àlejò tí kò tíì gbọ́ èdè ibẹ̀ dáadáa, àti àwọn ọmọdé. Ẹ kọ orúkọ àwọn ìsọ̀rí yìí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti lè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí iwájú ẹ̀. Ibùdókọ̀, ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, ẹnu ọ̀nà iléèwé nígbà tí àwọn òbí wá mú ọmọ, ilé ìkàwé. Níbi tí èèyàn bá ti ń dúró de nǹkan, ó máa ń ní àyè láti sọ̀rọ̀.

Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ lé àwọn tó bá fínnúfíndọ̀ wá. Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ ìlú ń lò: wọ́n á gba àkọsílẹ̀ àwọn ilé tó wà nílùú, wọ́n á ṣẹ́ kèké mú díẹ̀ nínú wọn, wọ́n á sì fi lẹ́tà pe àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó gba lẹ́tà tí orúkọ ilé rẹ̀ wà lórí ẹ̀ máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó jù ú nù. Nínú àwọn tó bá gbà láti wá, ẹ wò bóyá ọkùnrin àti obìnrin pé, bóyá ọ̀dọ́ àti arúgbó pé, bóyá gbogbo àdúgbò pé. Bí kò bá pé, ẹ tún ṣẹ́ kèké kún un.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ òun nìkan. Reykjavík, olú-ìlú Iceland, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àbá ará ìlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2010, ohun kan sì wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é tó yẹ ká kọ́. Ẹni tó bá fara mọ́ àbá kan á kọ ìdí rẹ̀ sí apá kan, ẹni tí kò fara mọ́ ọn á kọ tirẹ̀ sí apá kejì. Kò sí àyè láti dá ara yín lóhùn ní tààràtà. Ẹni tó fẹ́ bú ẹnì kejì kò rí ibi kọ èébú rẹ̀ sí. Bí ẹ bá ń fi ìwé lásán ṣe é, ẹ lè fi ìlà pín pátákó sí méjì kí ẹ ṣe bákan náà.

4. Ẹ tẹ́ ìlú sílẹ̀ lórí tábìlì

Bó bá jẹ́ ohun kan péré lẹ máa mú nínú gbogbo èyí, ẹ mú ìgbésẹ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1970, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tony Gibson bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan tí wọ́n pè ní Planning for Real. Wọ́n á fi paálí ṣe àdúgbò náà ní kékeré, pẹ̀lú ilé, òpópónà, odò àti pápá. Wọ́n á gbé e lọ síbi tí èèyàn pọ̀ sí. Àwọn tó ń gbé àdúgbò náà á wá mú káàdì kéékèèké tí wọ́n ti kọ nǹkan sí, "iná ojú ọ̀nà", "ibi eré ọmọdé", "ojú gọ́tà ti dí", wọ́n á sì fi lélẹ̀ níbi tí wọ́n bá fẹ́.

Ẹ wo bí èèyàn ṣe máa ń ṣe nídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ilé tiwọn. Wọ́n á fi ìka tọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́, ìka náà á sì dúró níbì kan. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lè dìde sọ̀rọ̀ níwájú ọgọ́rùn-ún èèyàn lè fi káàdì kan lélẹ̀ láìsọ ohunkóhun. Ẹni tó sì fẹ́ràn láti gba ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu kò ní lè gba tábìlì mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Gbogbo wọn ń wo ìlú, wọn ò wo ara wọn lójú, ìyẹn sì ń tu ìbẹ̀rù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ó máa ń wà ní ìlú kékeré.

Kò pọn dandan kó rẹwà. Máàpù ńlá kan tí ẹ tẹ̀ jáde, tí ẹ sì tẹ́ sórí tábìlì méjì tí ẹ so pọ̀, ti tó. Ẹ ní káàdì òfìfo nílẹ̀ fún ohun tí ẹ ò ronú kàn. Ẹ fi àwọ̀ kan ṣe ti ohun tó ń yọni lẹ́nu, kí ẹ fi àwọ̀ míì ṣe ti ohun tó dáa tí wọn ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn. Ẹ má gbàgbé ìkejì yìí rárá. Igi kan tí àwọn arúgbó ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ lè bá iṣẹ́ àtúnṣe lọ bí kò bá sẹ́ni tó sọ. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rìn yí àdúgbò ká pẹ̀lú olùkọ́ wọn kí wọ́n tó fi káàdì lélẹ̀. Ojú ọmọdé wà nílẹ̀, ó máa ń rí ohun tí àgbàlagbà ń fò kọjá.

Bó bá jẹ́ ìpàdé oníjókòó lẹ fẹ́ ṣe, ẹ má jẹ́ kí èèyàn tó ju mẹ́jọ lọ jókòó sídìí tábìlì kan. Kí oníkálukú dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Kí ẹni tó ń kọ̀wé má jẹ́ ẹni tó ń darí. Kí ọ̀gá ọ́fíìsì tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ tó bá wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bó bá sọ̀rọ̀ ṣáájú, ohun tó sọ ni tábìlì náà máa kọ.

5. Ẹ wá ìdí ọ̀rọ̀

Àròyé ni ọ̀pọ̀ àbá máa ń jẹ́ nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu. Ẹ má kọ̀ ọ́, ẹ má sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá àgbà kan kọ ọ́ sórí káàdì pé, "Ilé ìwòsàn jìnnà jù." Bí ẹ bá mú un bẹ́ẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ẹ kọ́ ilé ìwòsàn míì, owó ò sì sí, káàdì náà kú nìyẹn. Àmọ́ bí ẹnì kan bá jókòó tì wọ́n ńkọ́?

"Ìyá, ẹsẹ̀ lẹ fi ń lọ àbí ọkọ̀ lẹ ń wọ̀?"
"Ẹsẹ̀ ni, ọmọ mi."
"Ibo ló ti máa ń rẹ̀ yín jù?"
"Bí mo bá gun òkè ìdí iléèwé yẹn tán. Kò síbi téèyàn lè fi ìdí lé, oòrùn á sì máa pa mí."

Àga gbọọrọ kan àti ìbòòji díẹ̀ lórí òkè yẹn ni ìyá ń fẹ́. Ìyẹn ṣeé ṣe. Ìbéèrè mẹ́rin ló sábà máa ń gbéni débẹ̀: Ibo gan-an ni? Ìgbà wo ló máa ń ṣẹlẹ̀? Ta ló ń ni lára? Kí lẹ ti gbìyànjú láti ṣe sí i fúnra yín? Ẹ kọ́ àwọn tó ń bá yín gba àbá ní ìbéèrè mẹ́rin yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ara wọn dánra wò. Kí wọ́n má máa jiyàn o. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti gbèjà ìjọba.

6. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn

Ìwé kan ṣoṣo tàbí fáìlì kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni kí gbogbo àbá wọ̀. Ẹ fún àbá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹni náà gan-an, ibi tó ń sọ nípa ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ gbà á, orúkọ ọ́fíìsì tó yẹ kó dáhùn, àti ibi tí nǹkan dé. Ẹ má yára pa àbá pọ̀. "Iná ojú ọ̀nà" tí ogún èèyàn béèrè lè jẹ́ ogún òpópónà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó dá àbá kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí gbogbo èèyàn ń rí. Ẹ fún ẹni náà ní tíkẹ́ẹ̀tì kékeré tí nọ́ńbà àbá rẹ̀ wà lórí ẹ̀. Ìyẹn ló máa fi wá èsì rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ló sọ ọ́.

7. Ẹ pín in, kí ẹ sì yàn

Ọ̀nà mẹ́ta ni kí ẹ pín àbá sí: èyí tí ẹ lè ṣe lóṣù yìí láìnáwó púpọ̀, èyí tó gba owó àti ètò, àti èyí tí kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí àkọ́kọ́ kíá, kódà kí ẹ tó gba àbá tán. Bí ará ìlú bá rí i pé wọ́n ti gbá gọ́tà tí àwọn sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á mú àbá tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ wá.

Èyí tó gba owó ló máa ń fa wàhálà. Porto Alegre, ní Brazil, ni ọ̀pọ̀ ìlú ti kọ́ ọ̀nà tí ará ìlú fi ń bá ìjọba pín owó ìṣúná. Ọdún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn ará àdúgbò máa ń péjọ, wọ́n á sọ ohun tó ká wọn lára jù, wọ́n á sì yan aṣojú. Ní àwọn ìlú kan ní Brazil tó ṣe irú ètò yìí, àwọn aṣojú kì í jókòó sójú kan. Wọ́n máa ń wọ bọ́ọ̀sì yí ìlú ká láti fojú ara wọn rí ìṣòro àdúgbò àwọn ẹlòmíì. Ní Porto Alegre, wọ́n á wá wo iye èèyàn tó ń gbé àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ohun amáyédẹrùn tí kò sí níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n fẹ́ jù. Àdúgbò tó ṣaláìní jù ló máa ń rí gbà jù. Ẹ má rò pé ìlú ńlá nìkan ló lè ṣe irú ẹ̀. Ní Poland, ìlú Sopot ló kọ́kọ́ ṣe é, lọ́dún 2011, iye èèyàn tó wà níbẹ̀ kò sì tó 40,000. Ní Amẹ́ríkà, ìlú Vallejo ní California gbé e kalẹ̀ jákèjádò ìlú lọ́dún 2012, lẹ́yìn tí ìjọba ìlú náà wọ gbèsè débi pé ó wá ààbò lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2008.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Kí àwọn tó máa yàn tó dìbò, ẹ kó wọn lọ wo gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní ìlú kékeré, ẹsẹ̀ lásán tó o.

Bó bá kan ìdìbò, kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ná ìlú síbẹ̀ kí wọ́n tó dìbò. Ẹ fún èèyàn kọ̀ọ̀kan ní ìbò mẹ́ta tàbí márùn-ún, kí wọ́n lè ro ti ẹlòmíì mọ́ tiwọn. Ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ tí ìbò kò ní pín. Ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà wọ ọ́fíìsì ìjọba kò lè gba ìbò tó pápá ìṣeré láéláé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ ni. Èrò mi ni pé ohun tó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnì kan kò yẹ kó dúró de ìbò ẹlòmíì.

8. Ẹ fèsì

Lọ́jọ́ tí ẹ ti kọ sórí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ gbé èsì gbogbo àbá jáde, nọ́ńbà nọ́ńbà, lórí pátákó tí ẹni tí kò ní fóònù lè dúró kà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti lójúkojú nínú ìpàdé kan. Ẹ wá ẹni tó máa kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé.

Èsì "rárá" ló gba iṣẹ́ jù. "A dúpẹ́ fún àbá yín, a máa yẹ̀ ẹ́ wò" kì í ṣe èsì. Ẹ wo irú èyí: "Àbá 47: kí á gbé ibùdókọ̀ sún mọ́ ilé ìkàwé. A ò lè ṣe é lọ́dún yìí, torí pé òpópónà yẹn dín ju kí bọ́ọ̀sì lè yí níbẹ̀. A ti kọ̀wé sí àwọn tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. A máa sọ ohun tí wọ́n bá wí ní ìpàdé tó ń bọ̀." Inú ẹni tó dá àbá náà lè má dùn, àmọ́ ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó tún béèrè. Fún ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín, ẹ kọ orúkọ ọ́fíìsì tó ni í síbẹ̀, kí ẹ sì bá wọn fi ránṣẹ́ fúnra yín. Ẹ má ní kí ará ìlú máa ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí ẹnu ọ̀nà míì.

Bí iṣẹ́ kan bá parí, ẹ padà lọ wò ó ní àkókò tí ẹni tó dá àbá sọ. Bó bá jẹ́ pé aago méje alẹ́ ni ó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun ní òpópónà kan, ẹ má lọ wo iná tuntun ibẹ̀ ní ọ̀sán. Bí ohun tí ẹ ṣe kò bá yanjú ọ̀rọ̀ náà, ẹ tún nọ́ńbà náà ṣí.

Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kúrò, ìgbìmọ̀ máa ń yí padà. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé àkọsílẹ̀ náà sí ọ́fíìsì ìlú, ẹ fi òmíràn sí ilé ìkàwé níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ṣí i, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ máa tún gba àbá sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn.